Ẹni Tó Ya Orí Bébà Yẹn Ì Bá Dúró Lápá Òsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Mo máa ń ka tiyín bí ẹni tó ń tà á bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, tí mo bá sì kà á tán, mo lè fi di ẹ̀pà tàbí kí n tẹ́ ẹ sínú àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé àwòrán orí kan tí wọ́n fi bébà mọ jáde, níbi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa àfihàn iṣẹ́ ọnà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ère ẹni tí a kò mọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òǹkàwé yín kan kọ̀wé láti Ìbàdàn. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bojú. Ó ní bí àwọn ọmọ yáhùú ṣe ń fi fọ́tò ẹni ẹlẹ́ni lu jìbìtì náà ni ọmọ tó mọ ère yẹn ṣe gé ojú èèyàn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ní àti ẹni tó mọ ọ́n, àti ẹni tí wọ́n fi ojú rẹ̀ mọ ọ́n, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Mo mọ ẹni tí wọ́n fi ojú rẹ̀ mọ ọ́n. Èmi ni mo bí i. Ọmọ tó mọ ère náà, ọmọ-ọmọ mi ni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí a fi pamọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ fi í pamọ́, láti ọdún 1975, nínú yàrá kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ.

Ẹni ọdún 76 ni mí, Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ń gbé. Ọkọ mi ni onífọ́tò. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára bọ́ọ̀dù, òun ni wọ́n ń pè sí ìgbéyàwó àti ìsìnkú, òun ló ń sọ fún oníbàárà pé kó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹni tó wà nínú yàrá òkùnkùn tí a ń pè ní dákírúùmù ni èmi. Ọkọ mi á ya fọ́tò tán, á nu ọwọ́, á lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo kù sídìí iná pupa àti omi háípò, omi tí a ń ki fọ́tò bọ̀ kó má baà ṣá, ni mo mọ bí ojú oníbàárà yóò ṣe rí nígbà tó bá padà wá gba fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé fóònù ló bẹ̀rẹ̀ sí tún ojú èèyàn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é. Nínú nẹ́gẹ́tífù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fọ́tò sórí bébà, dúdú á di funfun, funfun á di dúdú. Ibi tí ojú bá ti hunjọ, tàbí tí abẹ́ ojú bá ti ṣú, á mọ́ gaara bíi gíláàsì nínú nẹ́gẹ́tífù, ìmọ́lẹ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá láti fi dúdú lé bébà. Èmi á kọ́kọ́ fi òróró kan bíi fánííṣì pa á, kí pẹ́ńsùlù lè mú un. Mo máa ń pọ́n pẹ́ńsùlù náà lórí sánpépà títí tí ẹnu rẹ̀ á fi gùn bí abẹ́rẹ́. N óò wá máa tọ ibi tó mọ́ gaara yẹn bí ẹyẹ ṣe ń ṣá àgbàdo, tó, tó, tó, títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní rí ibẹ̀ gbà bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ìhunjọ ti lọ, màmá ẹni ọdún 60 ti padà sí 45.

Mo ti ṣe àṣìṣe rí. Obìnrin kan wá ya fọ́tò ní ọjọ́ Iléyá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó hàn pé inú rẹ̀ dùn. Èmi wo nẹ́gẹ́tífù, mo rí ibi kan tó mọ́ gaara láàárín eyín rẹ̀ iwájú, mo fi pẹ́ńsùlù dí i. Nígbà tó dé, ó wo fọ́tò, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú, ó ní, "Ta nìyí?" Èjí rẹ̀ ni mo dí. Èjí tí ọkọ rẹ̀ torí rẹ̀ fẹ́ ẹ! Ó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ náà, a sì tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ojú tí mo ń tún ṣe, kì í ṣe tèmi.

Ọdún 1972 ni mo bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọkùnrin méjèèjì. Ọdún 1974 ni èéyí gbé Kẹ́hìndé lọ. Ohun tó dùn mí jù, tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lójú ìwé rí, ni pé nínú ilé onífọ́tò, a kò ní fọ́tò Kẹ́hìndé kankan. Fíìmù wọ́n nígbà náà. Tí ọkọ mi bá ki fíìmù kan bọ kámẹ́rà, fọ́tò 12 ló wà nínú rẹ̀, oníbàárà ló sì ni gbogbo rẹ̀. A ń sọ pé ọdún mẹ́ta wọn ni a óò yà wọ́n dáadáa, pẹ̀lú aṣọ àǹkárá tí mo ti rà. Kẹ́hìndé kò dúró de àǹkárá.

Ìyá ọkọ mi ní kí á gbẹ́ ère. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà mọ̀ ọ́n: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a ó gbẹ́ ère ìbejì fún un, a ó máa wẹ̀ ẹ́, a ó máa fi osùn pa á, a ó máa fún un ní oúnjẹ, kí èkejì lè jókòó. Bàbá ọkọ mi àti ọkọ mi ti di ọmọ ìjọ, wọ́n ní ère kò gbọdọ̀ wọlé. Èmi wà láàárín. Ohun tí a ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ àti ilé mùsùlùmí ní Ìlá ń ṣe nígbà náà: a ya ẹni tó kù, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, ó di ìbejì padà.

Bí òǹkàwé yín tó wà ní Ìbàdàn bá rò pé mo ń pìtàn, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí Ìlá ní 1975, ó wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ìlú wa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ṣọ́ọ̀bù tiwa kọ́ ni ó wọ̀ o. Títí ọkọ mi fi kú, kò dárí ji òyìnbó náà pé ó kọjá níwájú ilé wa lọ sí ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó náà kọ, òótọ́ ni.

Bí mo ṣe ṣe ti ọmọ mi nìyí. A ta aṣọ dúdú sẹ́yìn, ọkọ mi gbé Táíwò jókòó sórí àpótí lápá kan, ó fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ kámẹ́rà. Lálẹ́, nígbà tí NEPA mú iná wá, mo wọ dákírúùmù. Mo fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, mo tẹ Táíwò sí ìdajì tó kù. Mo wá dojú nẹ́gẹ́tífù dé, kí apá ọ̀tún lè di òsì, mo gbé páálí bo ibi tí mo ti tẹ̀, mo tún tan iná ẹńlájà, ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gẹ́tífù sórí bébà. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí páálí lẹ̀ mọ́ bébà. Díẹ̀ lókè ni ẹ ó ti dì í mú, ẹ ó sì máa mì ín jẹ́jẹ́, kí ilà má baà là láàárín àwọn ọmọ náà. Ilà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí kò mọṣẹ́. Mo sọ bébà sínú omi, mo rọra ń fi ọwọ́ gbá a. Táíwò kọ́kọ́ jáde, torí pé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kẹ́hìndé bá a jókòó.

Táíwò ní àpá kan lókè ojú òsì, ibi tó ti ṣubú lu ọlọ. Bí mo ṣe dojú nẹ́gẹ́tífù dé, àpá náà bọ́ sókè ojú ọ̀tún lára Kẹ́hìndé. Mo mú pẹ́ńsùlù. Kẹ́hìndé kò ṣubú lu ọlọ rí, kò sí ìdí tí yóò fi ní àpá. Mo lè tẹ Táíwò ná, kí n pa àpá rẹ́, kí n tó tẹ èkejì. Mo di pẹ́ńsùlù náà mú títí tí ọkọ mi fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé mo ti sùn ni. N kò pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ojú tí mo fi mọ Kẹ́hìndé ni ojú tó ní àpá lápá ọ̀tún. Tí mo bá lálàá rẹ̀, àpá yẹn máa ń wà níbẹ̀. Téló àdúgbò wa nìkan ló rí ìyókù. Ó wo fọ́tò náà lára ògiri, ó ní, "Ìyá Ìbejì, bọ́tìnnì Kẹ́hìndé wà lápá tobìnrin." Mo ní kó jókòó jẹ ẹ̀wà.

Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kò sí ẹni tó wọ yàrá wa tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ti kú. Ère ìbejì tí wọ́n ń gbẹ́ látijọ́ pàápàá kì í jọ ọmọ ọwọ́ tó kú. Irun àgbà ni wọ́n ń gbẹ́ sí i, tobìnrin á ní ọmú, bí wọ́n sì ti ń wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n ń pa á lósùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ á máa jẹ títí imú á fi pẹ̀tẹ́. Kò sí ẹni tó sọ pé ìyá náà ń tan èèyàn jẹ.

Mo tún fẹ́ sọ ti oníbàárà kan, n kò ní sọ orúkọ, n kò ní sọ àdúgbò. Ní nǹkan bíi 1978, obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin wá. Ìkejì rẹ̀ tó kú, obìnrin ni. A ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ṣòkòtò àti fìlà rẹ̀. Ìyá náà wá tú ẹrù, ó wọ̀ ọ́ ní búbá àti ìró kékeré, ó so yẹtí mọ́ ọn létí pẹ̀lú òwú, a tún yà á. Mo pa méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Iṣẹ́ tó dára ni, mo ṣì ń fi yangàn.

Ọdún méjìdínlógún kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ní irùngbọ̀n wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹnì kan rí fọ́tò náà nílé wọn, ó ti di yẹ̀yẹ́ fún un láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gba nẹ́gẹ́tífù. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní nẹ́gẹ́tífù ni ogún onífọ́tò, tí a bá ń kó o fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, kí ni àwọn ọmọ wa yóò jẹ. Àwọn méjèèjì pariwo mọ́ra wọn. Nígbà tí ọkọ mi lọ sí ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo wá nẹ́gẹ́tífù náà jáde, mo fi bébà wé e, mo gbé e fún un. Mo rò pé yóò fi iná sí i lójú mi. Ó gbé e sókè, ó fi wo oòrùn tó ń wọ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá fi í sí àpò àyà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé yín gbọ́, torí òun ni gbogbo lẹ́tà yìí. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n bo ojú inú fọ́tò. Ẹ béèrè ẹni tó ní kí wọ́n bò ó. Bí olójú bá ní kí ẹ bo ojú òun, ẹ bò ó fún un. Bí ẹlòmíràn bá gbé ojú olójú, yálà ó bò ó tàbí ó ṣí i sílẹ̀, tí kò béèrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bojú. Ṣé kò tíì rí ọba tó dé adé ńlá ni? Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń dà sílẹ̀ bo ojú kábíyèsí, ọkọ mi sì ti ya ọba bẹ́ẹ̀ rí. Nínú fọ́tò náà, àgbọ̀n nìkan lẹ ó rí díẹ̀. Ta ló jẹ́ sọ pé kábíyèsí ń sá fún ọlọ́pàá? Ti egúngún, obìnrin ni mí, bí obìnrin bá mọ awo, kò gbọdọ̀ wí, nítorí náà n óò kọjá níbẹ̀ wéréwéré. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu. Ọkùnrin ló ń jó nínú ìró àti gèlè, igi gbígbẹ́ wà lórí rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, gbogbo ọjà sì mọ ọmọ ẹni tó ń jó. Wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n fi yìn ín. Bíbojú méjì ni, òfin wọn kò jọ ara wọn: ọ̀kan, ẹ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà níbẹ̀; èkejì, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì jọ gbà pé aṣọ náà ló ń jó. Ní Ọ̀wọ̀ ẹ̀wẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àkó fún òkú ọlọ́lá, wọ́n á gbẹ́ igi jọ olóògbé, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e kiri ìlú. Ojú òkú hàn gbangba níbẹ̀, òkú sì ti wà nílẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi fi iṣẹ́ àwọn onífọ́tò kan hàn mí lórí fóònù. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tó lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun obìnrin ní 1968, ó sì yà tó 1,000 kó tó kú ní 2014. Ẹ̀yìn orí ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ kò ní rí ojú, ẹ ó rí ṣùkú, ẹ ó rí òwú, ẹ ó rí ọrùn. Mo wò wọ́n, mo ní mo mọ irú obìnrin tó jẹ́ èyí, mo mọ irú èyí. Rotimi Fani-Kayode náà wà níbẹ̀, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955, tí ìdílé rẹ̀ gbé e sá lọ sí ìlú òyìnbó ní 1966, tó sì kú ní London ní 1989. Ilé tó ní oyè Akíre ní Ifẹ̀ ló ti jáde. Ó máa ń fi ìbòjú sí àwọn ọkùnrin tó ń yà lójú. Kí n má purọ́, àwọn kan nínú fọ́tò rẹ̀, n kò ní gbé wọn kọ́ sí pálọ̀ mi! Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ìmọ́lẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, Leonce Raphael Agbodjelou, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ onífọ́tò, ya egúngún nínú ẹ̀kú wọn bí ẹni tó ń ya oníbàárà tó wọ aṣọ ọdún wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó gbà wọ́n bí wọ́n ṣe dé, kò bi wọ́n pé ta ló wà nínú yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á dé orí ère tó dá ìjà sílẹ̀.

Ọmọbìnrin Táíwò ló ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì. Ó wálé ní ìsinmi, ó ní, "Màmá, ẹ fún mi ní fọ́tò Dádì àti Kẹ́hìndé." Mo ní kó yọwọ́ lára fọ́tò yẹn. Ó ní fọ́tókọ́pì lòun fẹ́ ṣe. Mo bá a lọ sídìí ẹ̀rọ fúnra mi, torí pé n kò fọkàn tán àwọn ọmọ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ó ní kí wọ́n ṣe é ní ńlá, lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ó wá béèrè ìwé ìròyìn àtijọ́. Tiyín ni mo kó fún un o, Olóòtú, èyí tí mo ti tẹ́ sínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fà á ya, ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ó sì gún un nínú odó mi. Odó tí mo fi ń gúnyán! Mo bú u títí. Ó po ohun tó gún mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ó fẹ́ fèrè rọ́bà ọmọdé kan títí ó fi tóbi bí orí èèyàn, ó ń lẹ bébà mọ́ ọn, ìpele kan lójoojúmọ́, ó ń sá a sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó bẹ́ fèrè náà, orí dá dúró fúnra rẹ̀, fífúyẹ́ bí akèrègbè. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, eku jẹ etí ọ̀tún, nítorí ẹ̀kọ. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní kó máa wà bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé sítáàṣì tí a fi ń pa aṣọ ni kó lò nígbà mìíràn, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù nínú rẹ̀.

Ojú ère náà wá ni iṣẹ́ gidi. Ó ṣẹ́ páálí ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po bí abẹ̀bẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kan kọjú sí òsì, ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún. Ó gé fọ́tò Táíwò ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ mọ́ àwọn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òsì. Ó gé ti Kẹ́hìndé, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀tún. Ó wá lẹ páálí náà mọ́ iwájú orí. Ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó ní, "Màmá, ẹ dúró síbí." Mo dúró lápá òsì, Táíwò ń wò mí, ọmọ ọdún mẹ́ta, àpá lókè ojú òsì. Ó fà mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ yí tábìlì ká. Bí mo ti ń rìn, ojú náà ń tú, ó ń fọ́, nígbà tí mo dé iwájú kò sí èèyàn kankan mọ́, ilà dúdú àti funfun ni. Mo tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kẹ́hìndé dé. Mo wá àga, mo jókòó.

Olóòtú, ẹni tí ẹ rán lọ ya àfihàn náà, iwájú gan-an ló dúró sí. Ibi kan ṣoṣo tí kò sí ojú níbẹ̀ ló ti tẹ kámẹ́rà. Tó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ wa ni, ọkọ mi á ti gbá a létí. Ère bẹ́ẹ̀, fọ́tò méjì ló yẹ kí ẹ fi hàn, ọ̀kan láti òsì, ọ̀kan láti ọ̀tún. Bí àyè kò bá sì gbà yín, ti òsì ni kí ẹ lò. Ẹ gbé àárín jáde, ẹ kọ ọ́ pé a kò mọ̀ ọ́n, ni òǹkàwé yín fi rò pé ojú èèyàn ni a gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Bó bá sì ń wá jìbìtì, kó jẹ́ kí n fi tèmi hàn án. Nígbà tí mo pé ọdún 70, àwọn ọmọ mi ya fọ́tò mi, léèsì funfun, gèlè aláwọ̀ wúrà, ojú mi hàn kedere, kò sí ohun tó bò ó. Wọ́n gbé e sórí Facebook. Kò tó ọdún kan tí ọmọ àbúrò mi fi pè mí láti Ìlọrin pé òun rí mi níbi tí wọ́n ti ń polówó oògùn ojú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mi pé màmá yìí ti fọ́jú fún ọdún méje, oògùn wọn ló là á lójú. Àwọn èèyàn ti kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mi ò fọ́jú rí láyé mi. Àní awò tí mo ń lò, ti ìwé kíkà ni! A kò rí ẹni tó ṣe é mú. Ojú mi ni wọ́n fi purọ́, wọn kò gé e, wọn kò bò ó.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ bá mi ṣe àtúnṣe ohun tí ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò ère náà. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ mi síbẹ̀. Mo pè é lórí fóònù kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹni ọdún 53 ni báyìí, ó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ sọ ti Kẹ́hìndé, ẹ sọ ti àpá, ẹ má sọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́." Mo ti gbà fún un. Ẹ lè kọ ọ́ pé ère ìbejì ni. Bí ère náà bá sì ṣì wà níbi àfihàn, ẹ rán onífọ́tò yín padà lọ, kó dúró lápá òsì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń béèrè fọ́tò ẹni tó bá kọ lẹ́tà gígùn, kí ẹ lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti fi ọ̀kan sínú àpò lẹ́tà yìí. Ọmọ-ọmọ mi ló yà á láàárọ̀ yìí níwájú ilé, lẹ́yìn tí onídìrí ṣe ṣùkú fún mi. Ẹ má ṣe dà á padà pé kò pé. Ẹ̀yìn orí mi ni mo ní kó yà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Ìlá Ọ̀ràngún.